Omi Àlòkù, Ẹyẹ àti Ẹja: Bí Ìlú Bíi Ìlọrin Ṣe Lè Fọ Omi Rẹ̀ Kí Àwọn Ẹ̀dá Etídò Sì Ríbi Gbé

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé àwọn ìlú kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń darí omi ilé ìgbẹ́ àti omi ilé ìdáná wọn lọ sínú àbàtà, tí ẹyẹ àti ẹja sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin lè béèrè pé kí ni tuntun níbẹ̀, nígbà tí omi gọ́tà wa náà ń ṣàn wọ Odò Asà láti ọjọ́ pípẹ́, tí lékeléke sì ń rìn káàkiri ní etí rẹ̀. Ìbéèrè náà bójú mu. Láti òkèèrè, dída ẹ̀gbin sódò àti fífi àbàtà fọ omi jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pa odò, èkejì ń jí i dìde. Ohun tí ó yà wọ́n ni bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra: ibi tí omi ti kọ́kọ́ dúró, iye ọjọ́ tí ó lò níbẹ̀, àti ohun tí a ti yọ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó kan ẹ̀dá alààyè tí a fẹ́ kí ó máa gbé inú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe májèlé ló sábà máa ń pa ẹja nínú omi àlòkù ilé, oúnjẹ ni. Ìgbẹ́, ìtọ̀, omi ìṣanwọ́, epo ọbẹ̀ àti omi tí a fi fọ ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ fún bakitéríà, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-tín tí ojú wa kò lè rí. Bí oúnjẹ yìí bá wọ odò lọ́pọ̀ yanturu, bakitéríà á gbèrú, wọn á sì lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi tán, ẹja á wá máa yọ ẹnu sókè láti wá èémí, á sì kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta oògùn sódò. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn mọ́ra tó omi tútù, nítorí náà ìgbà ẹ̀rùn ni ewu yìí pọ̀ jù fún wa, nígbà tí oòrùn mú tí omi odò sì ti fà. Amóníà tún wà, èyí tí ń jáde láti inú ìtọ̀. Bí ooru bá mú, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ti tó láti pa ọmọ ẹja. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni nàìtírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí wọ́n jẹ́ ajílẹ̀ gidi. Nínú oko, owó ni à ń fi rà wọ́n. Nínú adágún, ńṣe ni wọ́n ń mú kí ewédò àti ewéko orí omi hù ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú oró àti òṣíbàtà tí a fi ń ṣàdúrà pé kí á lékè, bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù fún wọn, wọn á bo ojú omi pátápátá, oòrùn kò ní lè wọlé mọ́, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ á sì máa kú.

Nítorí náà, rírí lékeléke létí odò kò túmọ̀ sí pé odò náà yè. Kòkòrò àti ìdin ni lékeléke ń jẹ, ó sì lè jẹun lórí ààtàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹun lẹ́yìn màlúù. Ìsàlẹ̀ omi ni ẹlẹ́rìí tòótọ́ wà. Bí a bá ṣí òkúta odò tí a kò rí ju àwọn ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ nínú ẹrẹ̀ dúdú, ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pupa àwọn ìdin náà lè di ìwọ̀nba ọ́síjìn tí ó ṣẹ́ kù mú. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ọmọ lámilámi, alákàn, edé àti oríṣiríṣi kòkòrò mìíràn, omi náà ṣì ń mí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú fífọ omi ni kí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú táńkì tí a bò, kí ohun tí ó wúwo rọ̀ sísàlẹ̀, kí epo sì léfòó. Irú táńkì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ní Tanke, Adéwọlé àti GRA. Omi tí ó bá kún inú rẹ̀ ń lọ sí sọ́kèwéè, ó sì ń wọ ilẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ẹ̀gbin tí ń jẹ ọ́síjìn ni táńkì yìí ń mú kúrò, èyí tí ó kù sì ń bá omi lọ. Ìpele kejì ni a kò ní. Nínú rẹ̀, omi tí ó ti inú táńkì jáde á gba inú ibùsùn òkúta wẹ́wẹ́ kan tí ó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, tí a gbin koríko etídò sí lórí, omi á sì máa ṣàn lábẹ́ òkúta níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i tàbí gbọ́ òórùn rẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Jámánì, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Käthe Seidel, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi koríko etídò dán irú iṣẹ́ yìí wò láàárín àwọn ọdún 1950. Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn sábà ń ṣe ni pé wọ́n rò pé koríko náà ló ń mu ẹ̀gbin. Díẹ̀ ló ń mu. Bakitéríà tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Koríko ń pèsè ilé fún wọn, ó ń fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ránṣẹ́ sísàlẹ̀ láti inú gbòǹgbò rẹ̀, ó sì ń dín ìyára omi kù.

Ibi tí omi ti ń yọ nàìtírójìn kúrò lára rẹ̀ gba àlàyé díẹ̀, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹyẹ àti ẹja. Níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ sí, oríṣi bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíréètì. Níbi tí ọ́síjìn kò bá sí, oríṣi mìíràn ń sọ náítíréètì náà di nàìtírójìn lásán, irú èyí tí ó kún inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, á sì fò lọ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Àbàtà tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ibi tí omi ti là gbalasa tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń kàn án, àti ibi tí koríko ti kún dí tí omi kò jìn. Omi á sì gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì léraléra. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹranko etídò ń wá. Ẹyẹ tí ń wẹ̀ fẹ́ omi gbalasa, èyí tí ń fi ẹsẹ̀ gígùn rìn fẹ́ omi tí kò jìn, ẹgà fẹ́ koríko gíga láti so ìtẹ́ rẹ̀ mọ́, àkèré fẹ́ ibi tí ó dí láti yé ẹyin sí. Ohun tí ó ń fọ omi dáadáa àti ohun tí ó ń fún ẹranko ní ilé kò ta ko ara wọn rárá, mo sì gbà pé bí àwọn aláṣẹ wa bá lóye ibí yìí nìkan, ọ̀pọ̀ iyàn lórí owó á tán. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kì í fò lọ. Inú ẹrẹ̀ ló ń dúró sí, nítorí náà a ní láti máa kó ẹrẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ìpele tí ó gbẹ̀yìn ni ibùgbé ẹranko, lẹ́yìn táńkì àti lẹ́yìn ibùsùn òkúta tàbí adágún ìfọmi. Ní ibi tí omi kò tíì mọ́, ọgbà ló yẹ kí a fi yí i ká kí ọmọdé, ewúrẹ́ àti màlúù má dé ibẹ̀. Nínú adágún ìkẹyìn, ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Àwọn tí ń kọ́ adágún fẹ́ràn ògiri kọnkéré tí ó dúró ṣánṣán, nítorí pé ó rọrùn láti wọ̀n, kì í sì í wó. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń pa ẹ̀dá: ọmọ pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò lè gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ìjàpá àti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí ó dára ni èyí tí ó ń rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ènìyàn rin mítà márùn-ún sí mẹ́wàá kí omi tó jìn tó mítà kan. Ní irú etí bẹ́ẹ̀, bí omi bá ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ tútù tuntun á máa ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn ẹyẹ tí wọ́n ti Yúróòpù wá lo ìgbà ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa á sì máa rí aràn àti kòkòrò jẹ nínú rẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ omi náà kò gbọ́dọ̀ dọ́gba. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30 dára fún àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí kòtò kan tàbí méjì wà tí ó jìn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kí ẹja àrọ̀ àti epìyà ríbi sá sí nígbà tí oòrùn bá ń jó. Erékùṣù kékeré láàárín omi ṣe iyebíye ju ohun tí a fi kọ́ ọ lọ, nítorí pé ajá àti ológbò kì í dé ibẹ̀ láti kó ẹyin jẹ. Etí adágún tí ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ ń fún ẹyẹ púpọ̀ ní ààyè ju èyí tí ó gún régé lọ, torí pé àwọn ẹyẹ tí ń bá ara wọn jà kò ní máa rí ara wọn. Ní ti ohun ọ̀gbìn, kí á lo èyí tí ó ti wà nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀: ìféfé, eèsún létí òkè, òṣíbàtà níwọ̀nba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin ewéko orí omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò (water hyacinth) tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí a sì rí ní omi Badagry ní 1984, nítorí pé ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀nà apẹja ní ọ̀pọ̀ ibi láti ìgbà náà. Bí igi kan bá kú síbẹ̀, kí á fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ tí ń bà lé e. Kí á má sì tan iná mọ̀nàmọ́ná sí adágún náà lóru.

Ọ̀rọ̀ kúlóríìnì náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ìfọmi ń da á sínú omi láti pa kòkòrò àrùn kí wọ́n tó jẹ́ kí omi lọ, ṣùgbọ́n kúlóríìnì tí ó ṣẹ́ kù nínú omi ń pa ẹja. Ní ilẹ̀ tí oòrùn pọ̀ sí bíi tiwa, adágún tí kò jìn ju mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ lọ, tí omi lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú rẹ̀, lè jẹ́ kí oòrùn fúnra rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò àrùn náà. Ooru wa ṣe wá láǹfààní mìíràn: bakitéríà ń yára ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Níbi tí àwọn ìlú olótùútù ti nílò mítà onígun mẹ́rin márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ènìyàn kan, ọ̀kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń tó nílẹ̀ olóoru, bí irú ibùsùn tí a lò bá ṣe rí.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá. Ní Werribee nítòsí Melbourne ní Ọsirélíà, ibi ìfọmi tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1897 ṣì ń fọ nǹkan bí ìdajì omi àlòkù ìlú ńlá náà. Oríṣi ẹyẹ tí ó sún mọ́ 300 ni a ti rí níbẹ̀. Ní Arcata, ìlú kékeré kan ní California tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 20,000, àbàtà tí a fi parí fífọ omi ìlú ti di ibi tí àwọn ènìyàn ń lọ nasẹ̀, tí a sì ti ka oríṣi ẹyẹ tí ó lé ní 300. Ní ìlà oòrùn Kolkata ní Íńdíà, hẹ́kítà 12,500 ni ilẹ̀ àbàtà tí omi àlòkù ìlú ń wọ̀. Ewédò ń hù nínú adágún rẹ̀, ẹja ń jẹ ewédò, àwọn apẹja sì ń tà á fún ìlú. Nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, àwọn adágún ìfọmi Strandfontein ní Cape Town wà lára ibi tí a ti ń rí ẹyẹ omi jù ní ìlú náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Nakivubo ní Kampala, olú ìlú Uganda, ló yẹ kí a wò dáadáa, nítorí pé òun ló jọ tiwa jù. Àbàtà ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tí ó kọ́ ọ, tí ń gba omi ìdọ̀tí ìlú kí ó tó dé apá Adágún Victoria tí ìlú náà ti ń fa omi mu. Bí àwọn ènìyàn ti ń gbin kókò tí wọ́n sì ń kọ́lé sínú rẹ̀, tí omi sì ń gba ojú kan ṣoṣo kọjá, àbàtà náà kò lè fọ omi tó bí ó ti ń fọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Àbàtà tí a kò ṣètò, tí a kò sì dáàbò bò, lè rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó burú jù ú lọ ṣẹlẹ̀ ní adágún Kesterson ní California, níbi tí omi oko ti kó èròjà kan tí a ń pè ní selenium wá. Ní 1983, àwọn onímọ̀ rí ọmọ ẹyẹ tí wọ́n kú tàbí tí ara wọn wọ́ nínú ẹyin. Ẹyẹ ti wá gbé ibẹ̀ nítorí pé ó dára lójú, ibi tí ó dára lójú náà ló sì pa wọ́n.

Èyí ló fà á tí mo fi gbà pé ní Ìlọrin, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni yíya omi sọ́tọ̀. Omi ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn, ibi tí a ti ń ta bátìrì àti ibi tí mẹkáníìkì ti ń da epo kò gbọ́dọ̀ bá omi ilé pàdé, nítorí pé koríko kò lè fọ irin olóró. Ó kàn ń kó o pamọ́ sínú ẹrẹ̀ fún ẹja láti jẹ ni. Omi odò ẹran yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ìfun kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára ju omi ilé lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, kí a kó ìgbẹ́ màlúù fún ajílẹ̀ tàbí gáàsì ìdáná, kí ohun tí ó kù tó wọ táńkì. Ní Ọ̀fà, Ọ̀mù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà tí a ti ń ṣe gàrí, omi tí ń kán láti inú àpò ẹ̀gẹ́ máa ń kan lẹ́nu, ó ní èròjà sáyánáìdì, ó sì ń pa ẹja. Kòtò tirẹ̀ ló yẹ kí ó ní, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá a ṣe fún ọjọ́ púpọ̀.

Ìlọrin kò ní páìpù àpapọ̀ tí ń kó omi ìgbẹ́ gbogbo ilé lọ sí ojú kan. Kò yẹ kí a dúró de irú páìpù bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ gidigidi, wíwú ilẹ̀ ìlú àtijọ́ láti rì í mọ́lẹ̀ kò sì rọrùn. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni ibi ìfọmi kéékèèké fún ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, ọjà, ilé ìwé àti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní etí àwọn odò kéékèèké tí ń wọ Asà láàárín ìlú, bíi Àlùkò àti Àgbá. Odò Asà ń ti gúúsù lọ sí àríwá, ó sì pín ìlú sí méjì. A ti sé e ní gúúsù ìlú fún omi mímu, nítorí náà nígbà ẹ̀rùn, omi gọ́tà ń di ìpín tí ó pọ̀ nínú ohun tí ń ṣàn láàárín ìlú. Kò sí omi púpọ̀ tí yóò pò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí òjò bá wá dé, ìṣòro á yí padà: àgbàrá àkọ́kọ́ ń gbá gbogbo pàǹtí tí ó ti kó jọ láti oṣù kọkànlá wọ odò, agbára rẹ̀ sì lè fa koríko tu. Ẹnu ọ̀nà adágún gbọ́dọ̀ ní irin tí ń dá ọ̀rá dúró, kí ọ̀nà mìíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí omi òjò tí ó pọ̀ jù á gbà kọjá.

Omi kan wà tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ láìsí ewu púpọ̀, tí ó sì pọ̀ ní Ìlọrin ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ: omi àlùwàlá. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló ń ti mọ́sálásí jáde, kò ní ìgbẹ́, kò ní epo, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọṣẹ. Ibùsùn òkúta kékeré kan àti adágún òṣíbàtà tí kò tóbi ju àgbàlá lọ ti tó fún un. Fún ẹni tí ó ń bẹ̀rù ohun tí ẹ̀sìn máa sọ, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ní Saudi Arabia ti ṣe ìdájọ́ ní 1978 pé omi àlòkù tí a fọ̀ títí tí àwọ̀, adùn àti òórùn rẹ̀ fi padà sí ti omi mímọ́ ṣeé lò, bí kò bá ní ewu fún ìlera. Àwọn àgbẹ̀ tí ń fi omi Asà bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò nígbà ẹ̀rùn náà á jàǹfààní: àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2006 pé omi tí a fi ń bomi rin irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ní ju ẹyin aràn kan lọ nínú lítà kan, adágún tí omi pẹ́ nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ẹyin aràn rì sísàlẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò á béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Anopheles, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà, fẹ́ràn omi òjò mímọ́ tí ó dúró sínú kòtò, ojú ẹsẹ̀ màlúù àti ipa táyà. Culex, tí ń kùn síni létí lóru, ló fẹ́ràn gọ́tà tí ó dí. Adágún tí omi ń rìn nínú rẹ̀, tí ẹja kéékèèké àti ọmọ lámilámi wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ ẹ̀fọn dàgbà tó bí a ti ń bẹ̀rù. Níbi tí ilé bá sún mọ́ ọn púpọ̀, ibùsùn òkúta ni kí á lò, nítorí pé omi rẹ̀ kì í yọ síta. Ti ejò, ọ̀nà tí a gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká adágún á tó.

Òfin wà. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde ní 2009 lórí ìdáàbòbò àbàtà, etídò àti etí adágún, iṣẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí òfin àyíká, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, sì ni láti mú un ṣẹ. Ohun tí ó sábà ń pa irú iṣẹ́ yìí ni àìní olùtọ́jú. A gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí yóò máa fa ìgbẹ́ inú táńkì, tí yóò máa kó ọ̀rá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àti ibi tí owó oṣù rẹ̀ á ti máa wá, kí a tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́. Ìgbà ẹ̀rùn ni kí á gbẹ́ ẹ, kí á gbin koríko nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí á sì fi omi mímọ́ bomi rin ín fún oṣù díẹ̀ títí gbòǹgbò á fi mú, kí a tó jẹ́ kí omi àlòkù wọlé díẹ̀díẹ̀. Gígé ìféfé ní tirẹ̀, oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára jù, ìdajì adágún lọ́dún yìí, ìdajì yòókù lọ́dún tí ń bọ̀. Ìgbà òjò ni ẹgà ń kọ́ ìtẹ́, nígbà ẹ̀rùn ọmọ rẹ̀ á ti fò, apá tí a kò gé á sì wà fún àwọn tí ó kù láti sùn sí.